Bí Mo Ṣe Lọ Gba Dáre Padà Lóko Kaṣú

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo dé gáréèjì ní Kàbà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò gbéra títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Kò sí awakọ̀ tó ń fi òkùnkùn gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo wà léwe, ìdájí gan-an ni bàbá mi máa ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Mọ̀pà. Ní báyìí, nítorí àwọn ajínigbé, ẹni tó bá tètè jí, ó jí wá jókòó ni. A dúró títí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà fi fóònù pé kò séwu.

Nínú báàgì mi, mo ní ẹ̀wù kan, obì mẹ́fà tí mo fi ewé wé, àti ìgò oyin kan. Mo tún gbé páálí mọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́. Ohun tí a fi ń gba ọmọ padà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ náírà ni owó ọkọ̀ dé Ẹ̀gbẹ̀.

Mo ní láti sọ ìdí ìrìn àjò náà kí n tó máa bá ọ̀nà lọ. Ìyàwó mi tó ti dolóògbé, ọmọ Ìkòyí ní Ìjùmú ni. Òun ni àkọ́bí, Dáre sì ni àbíkẹ́yìn. Bàbá àti ìyá wọn ti kú. Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, ó sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí Dáre máa rìn gbéregbère. Dáre ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé. Ó lágbára, kò sì níṣẹ́ kan pàtó. Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin kan wá sí Kàbà, ó ń wá àwọn tí yóò bá òun ṣiṣẹ́ lóko kaṣú àti iṣu lápá Ìyàgbà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó ń fi Bíbélì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní iṣẹ́ ọdún méjì ni, pé òun yóò fún wọn lówó oṣù, òun yóò sì kọ́ wọn ní wíwa katakata.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í dédé rán ènìyàn lọ síbi iṣẹ́. Àgbà ni yóò mú ọwọ́ rẹ̀, tí yóò fi sínú ọwọ́ ọ̀gá, tí yóò sì wí pé, "Mo fà á lé ọ lọ́wọ́. Kí o fà á lé mi lọ́wọ́ padà ní àlàáfíà." Láti ọjọ́ náà, bí onítọ̀hún bá kúrò láìjẹ́ pé àgbà yẹn wá gbà á, ìsáǹsá ni. Ìtìjú rẹ̀ yóò sì kan gbogbo ilé. Èmi ni mo mú ọwọ́ Dáre. Mo rántí pé ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo sì rántí pé inú mi dùn díẹ̀ pé ilé yóò dákẹ́.

Ọdún méjì pé, ọdún kan tún gorí rẹ̀. Dáre kò wá, kò sì fóònù. Mo rò pé ibẹ̀ ti bá a lára mu ni. Èmi náà kì í ṣe ẹni tó ń pe ènìyàn kiri. Ní ọjọ́ ọjà kan, obìnrin kan tó máa ń ra kaṣú láti oko dé oko wá bá mi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka ìmọ́tótó. Kò jókòó.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni Dáre ọmọ Ìkòyí?"

"Àna mi ni."

"Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹni tó fa òun lé wọn lọ́wọ́ kò tíì wá gba òun."

Ó yípadà, ó lọ. Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kejì.

Jímọ̀ lorúkọ awakọ̀ wa, ọmọ Ìsánlú ní Ìyàgbà. Ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Iwájú ló fi mí sí, nítorí irun orí mi tó ti funfun.

"Okun o, bàbá," ó ní, bí a ṣe ń kíra wa lápá ilẹ̀ wa. "Àbí ará Kàbà kì í dáhùn okun kí oòrùn tó yọ?"

"Okun," ni mo dáhùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó sọ̀rọ̀! Gbogbo ẹ̀yin èrò, ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí mi o. Ìyàgbà ló la ẹnu ará Kàbà lónìí."

Ìyá kan lẹ́yìn ní kó fi bàbá náà sílẹ̀, pé ẹni tó dákẹ́ kò fọ́ ìkòkò ẹnikẹ́ni. Jímọ̀ ní òun ò sọ pé ó fọ́ ìkòkò, pé òun kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà láàyè ni.

Ọ̀nà náà kò dára. Láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ́ lọ, ihò ló ń sọ fún ọkọ̀ ibi tí yóò gbà. Níbì kan, àwọn ihò náà fẹ̀ débi pé ọkọ̀ ti la ọ̀nà tuntun sínú pápá, ọ̀nà àtijọ́ sì ti di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Kí a tó dé Mọ̀pà, a bá àwọn ọ̀dọ́ bí ogún, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da yangí sínú ihò. Wọ́n na okùn kọjá ojú ọ̀nà. Jímọ̀ fún wọn ní igba náírà, wọ́n sọ okùn sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Kàbà náà nìyẹn: nígbà tí ìlú bá dá ọjọ́, ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú ènìyàn kan wá, ilé tí kò bá mú wá yóò gbé nǹkan mímu wá.

Ní Mọ̀pà la ti jẹun, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Lọ́dọ̀ tiwa, ìrọ̀lẹ́ ni odó máa ń dún. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ ti gúnyán kí a tó dé, méjì méjì nídìí odó kan, nítorí àwọn arìnrìn-àjò. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, ẹran ìgbẹ́ kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan. Iyán náà funfun, kò ní kókó. Mo jẹ ẹ́ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kì í sábà jẹ iyán tán.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, Jímọ̀ bi mí ibi tí mò ń lọ gan-an. Mo ṣàlàyé oko náà fún un.

"Oko Bàbá Olóko," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbé ènìyàn lọ síbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà."

"Iṣẹ́ ibẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, mi ò mọ ti iṣẹ́ ibẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò tíì gbé ẹnì kankan bọ̀ láti ibẹ̀ rí."

Láti ibẹ̀ dé Ẹ̀gbẹ̀, èmi gan-an ni mo wá ń fẹ́ kó sọ̀rọ̀.

A dé Ẹ̀gbẹ̀ ní agogo mọ́kànlá kọjá. Mo wọ ọ̀kadà ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ní àlọ. Ọlọ́kadà ní òun yóò dúró dè mí bí mo bá tètè ṣe. Mi ò ní dárúkọ abúlé tó sún mọ́ oko náà, nítorí ẹjọ́ ṣì wà níwájú adájọ́. A rìn tó ogójì ìṣẹ́jú nínú eruku pupa.

Kí n má parọ́, oko náà dára. Kaṣú tò lọ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, abẹ́ wọn mọ́ tónítóní. Àkókò ìkórè ni, èso pupa àti èso yẹ́lò wà nílẹ̀ káàkiri, òórùn wọn dàbí ti ọtí. Mi ò rí oko tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Kàbà rí. Níwájú oko, géètì irin kan wà, ọkùnrin kan sì jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú pàṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Sàríkí ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni, olórí ló túmọ̀ sí. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ó wo páálí mọ́ọ̀tì mi, ó sì ṣí géètì láì bi mí ní nǹkan kan.

Bàbá Olóko, ọkùnrin tó wá sí Kàbà lọ́jọ́sí, fi ọ̀wọ̀ gbà mí. Ó dìde lórí àga, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń pè mí ní àna bíi pé ọmọ tirẹ̀ ni Dáre.

"Àna mi! Ẹ káàbọ̀! Ẹ pẹ́ o. Ẹ pẹ́ púpọ̀. Mo máa ń sọ fún Dáre pé, 'Bọ̀dá rẹ ti gbàgbé rẹ.'"

"Ọdún méjì la sọ," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ọdún méjì la sọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ wá? Ṣé kí n tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ni? Bí nǹkan bá ṣe é lọ́nà, kí ni màá wí fún yín? Èmi kì í ṣe ẹni tí kò mọ àṣà."

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Mo gbé obì kalẹ̀, mo gbé oyin àti mọ́ọ̀tì kalẹ̀, mo sì sọ ohun tí àgbà máa ń sọ: "Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀." Ó gbé ìwé ńlá kan wá, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà di àríyànjiyàn lọ́jọ́ iwájú. Ó pè é fún mi, mo sì kọ ọ́: pé mo gba ọmọ mi padà pẹ̀lú ìdúpẹ́. Mo fi ọwọ́ sí i. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà, títí di òní, bí a bá ní kí n fọwọ́ síwèé, mo máa ń rọra ṣe é kó lè dára. Mo ṣe é dáadáa lọ́jọ́ náà.

Wọ́n pe Dáre. Bó ṣe yọ láàárín àwọn igi, mo rò pé ẹlòmíràn ni. Ó ti gbẹ. Omi kaṣú ti jẹ awọ ìka rẹ̀ dúdú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Bàbá Olóko mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi sínú tèmi. "Mo fà á lé yín lọ́wọ́ padà."

Nígbà náà ni mo rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti dúró lábẹ́ igi, wọ́n ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí yóò tó ogójì ọdún, súnmọ́ wa. Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bùnù.

"Okun o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gba èmi náà?"

"Ta ló fà ọ́ wá?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo gbọ́ pé ó ti kú."

Bàbá Olóko rẹ́rìn-ín. "Òkú kì í wá gba ènìyàn, Sámúẹ́lì. Padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Bí èmi bá gbà á ńkọ́?" ni mo bi í.

"Àna mi, ṣé ẹ̀yin lẹ fà á wá?"

"Rárá."

"Ó tán nìyẹn."

Sámúẹ́lì padà. Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú oko náà ni bó ṣe tètè padà.

Èmi, Dáre àti ọlọ́kadà, mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan. Nígbà tí a dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tutù, mo bi Dáre léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n dé ni wọ́n gba fóònù gbogbo wọn, pé kó má baà sọnù. Owó oṣù dáwọ́ dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Katakata kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ máa lọ, Bàbá Olóko á ní kí ẹni tó fà á wá yọjú. Bí ó bá kúrò láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á fi tó ọlọ́pàá létí pé ó jalè.

"Ṣé wọ́n nà ọ́?"

"Ẹni tó bá sá ni wọ́n ń nà. Ẹni méjì sá. Wọ́n gbé wọn padà, wọ́n so wọ́n mọ́ igi lójú gbogbo wa."

"Ìwọ ńkọ́? O kò gbìyànjú ẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ fà mí wá. Bí mo bá sá, ẹ̀yin ni wọn yóò pè ní ẹni tí kò níyì."

Ọlọ́kadà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdún kan gbáko ni ọmọkùnrin náà fi ṣọ́ iyì mi, èmi tí mo jókòó sílé, tí mo ń rò pé ibẹ̀ bá a lára mu.

Jímọ̀ ń kó èrò ní Ẹ̀gbẹ̀ nígbà tí a dé. Ó rí wa, ó pariwo.

"Bàbá! Ẹ mú un jáde! Ẹ wọlé kíá, mo ti fi iwájú pamọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì. Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, ẹ ti dé Kàbà."

Mo ń wo àyè náà. Ó rọrùn. Mo ti ṣe ohun tí mo bá wá, a sì ti fà á lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lọ́kàn mi: bí Dáre bá lè jáde nítorí pé mo wá, a jẹ́ pé mo ti gbà pé ó tọ́ kí wọ́n dá a dúró níbẹ̀ nígbà tí mi ò wá. Obì tí mo gbé lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ mi. Ìwé tí mo kọ ti sọ bẹ́ẹ̀.

"Jímọ̀," ni mo wí, "ṣé o mọ ọ́fíìsì àwọn agbófinró?"

Ó wò mí, ó wo Dáre. "Màá gbé yín dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọlé o. Èmi àti wọn ń rí ara wa tó lójú títì."

Ìlú kan lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀ ni ọ́fíìsì náà wà. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì. "Àna, ọ̀gá, òṣìṣẹ́," ó ní. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ilé nìyí. Ẹ lọ parí ẹ̀ láàárín ara yín." Obìnrin kan pè wá láti yàrá kejì pé kí a wọlé. Ọ̀gá ni. Ọmọ Ìgbìrà ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa kan lọ. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí mo fi parí.

"Ẹ̀yin ẹ pè é ní kí ni?" ó bi mí.

"Àṣà wa ni pé kí àgbà wá gbà á."

"Òfin kò pè é bẹ́ẹ̀. Òfin tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣẹrú, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ipá mú un ṣiṣẹ́. Òfin mìíràn wá fi ẹ̀wọ̀n tì í. Ẹ̀wọ̀n ọdún o, kì í ṣe ti oṣù. Ìwà ọ̀daràn ni, kì í ṣe ìjà ẹbí. Ẹ lè dárí ji ọkùnrin yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ìjọba kò ní torí ìyẹn fi í sílẹ̀."

"Ṣùgbọ́n Dáre gbà láti lọ. Èmi náà gbà."

"Ó gbà láti ṣiṣẹ́ ọdún méjì. Ẹni tó gbà láti wọ ọkọ̀ kò gbà pé kí wọ́n má sọ òun kalẹ̀ mọ́."

Mo rántí àwọn ọ̀dọ́ tó ń da yangí. Mo bi í bóyá iṣẹ́ ọ̀nà tí ìlú ń mú irú wọn ṣe náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí a kì í bẹ̀ wọ́n.

"Òfin yọ iṣẹ́ ìlú sọ́tọ̀," ó ní. "Gbogbo wọn ni yóò gba ọ̀nà yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń padà sílé. Ta ló ni kaṣú tí Dáre ń ṣà?"

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo fọwọ́ síwèé kankan. Mo sọ fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

"Pẹ̀lú ìdúpẹ́, bàbá?"

"Pẹ̀lú ìdúpẹ́."

"Ìwé yẹn ni agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé jáde." Ó ní kí ọ̀rọ̀ náà tó lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èmi àti Dáre ní láti ṣe sítétímẹ́ǹtì, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa tí a kọ sílẹ̀ tí a sì fọwọ́ sí. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé èmi ni mo fà á lọ síbẹ̀. Ó wò mí lójú. "Mi ò ní tàn yín. Òfin lè mú ẹni tó fa ènìyàn lọ síbi bẹ́ẹ̀ bó bá mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ ní ẹ ò mọ̀, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni adájọ́."

Dáre fà mí láṣọ. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ ti gbà mí."

"Sámúẹ́lì ńkọ́?"

Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

"Dáre, bí mo bá mú ọ lọ sílé báyìí, mo ti sọ pé ọkùnrin yẹn jàre. Kò yẹ kó jẹ́ ìgbà tí mo bá wá lo tó lè jáde. Ó yẹ kí o ti jáde lọ́jọ́ tó wù ọ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn pọ̀ ju èyí tí mo ti bá a sọ láti ìgbà ìsìnkú lọ. Ọ̀gá náà bi mí bóyá kí òun máa kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kó fún mi níwèé, pé màá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ ní Yorùbá. Ojú ìwé méjì ni, ó gbà mí ju wákàtí kan lọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni, "Èmi ni mo mú ọwọ́ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́." Dáre ń kà á láti èjìká mi. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó fa àga kan, ó jókòó síwájú obìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ orúkọ àwọn tó wà lóko náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlú wọn àti àgbà tó fà wọ́n wá. Mi ò mọ̀ pé ó ní ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ nínú.

Ilé àlejò tí a sùn sí gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà fún yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì. Omi kò sí nínú ẹ̀rọ, wọ́n fún wa ní bákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ni Dáre sùn sí. Ó dìde, ó dúró níwájú mi, ó di ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bọ̀dá, ṣé mo lè jáde?"

Mo ní kó má bi mí mọ́. Ó ní, "Ó dáa, bọ̀dá," ṣùgbọ́n ó ṣì dúró. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde kó tó lè jáde.

Àwọn agbófinró lọ sí oko náà láàárọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ méjì. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì wọn, a ń jẹ àkàrà. Kí agogo méjìlá tó lù, wọ́n padà dé. Ẹni mẹ́sàn-án ló sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ẹ̀yìn. Bàbá Olóko wà nínú ti iwájú, ó wọ aṣọ funfun bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe ń kọjá, ó dúró tì mí.

"Àna mi. Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ dúpẹ́ lánàá?"

"Àṣìṣe ni ọpẹ́ yẹn," ni mo wí.

Ó ní àṣà wa yóò dá mi lẹ́jọ́. Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ló pa. Sámúẹ́lì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó bi ọ̀gá obìnrin náà pé ta ló wá gba òun.

"Kò sẹ́ni tó gbà ọ́," obìnrin náà ní. "O ti jáde ni."

Kò jọ pé ó yé e. Ó ń bá a lọ láti máa wo ojú ọ̀nà.

Wọ́n fún Dáre ní ìwé tí yóò máa mú dání títí kóòtù yóò fi pè. Èmi náà gba tèmi. A wọ ọkọ̀ mìíràn padà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ náà kò sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé mò ń wá Jímọ̀. Ní Mọ̀pà, Dáre jẹ iyán méjì.

Lójú ọ̀nà, mò ń ro ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi. Mi ò rò pé àṣà fífà-lé-lọ́wọ́ burú. Ìyá mi fà mí lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ rí, ó sì dára fún mi. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń fa ènìyàn lélẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kì í padà lọ wò. A ti sọ ọ́ di ọ̀nà tí a fi ń sọ ẹrù kalẹ̀. Mo ti ń ka ìwé òfin ìmọ́tótó fún àwọn ará ìlú láti ọdún pípẹ́, pé kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n má da omi ìdọ̀tí sí ojú títì. Mi ò mọ̀ pé òfin kan wà tó dúró sáàárín ènìyàn àti ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di ohun èlò, àti pé òfin yẹn kò bìkítà bóyá àgbà ló fi ọwọ́ rẹ̀ sí i. Bí àwọn adájọ́ bá ní èmi náà jẹ̀bi, màá gbọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Kàbà. Àwọn ẹbí láti Ìkòyí ti gbọ́, wọ́n ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi: àbúrò bàbá Dáre, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìkòyí, àti àgbà méjì mìíràn. Wọ́n yọ̀, wọ́n gbá Dáre mọ́ra, ọ̀kan sunkún. Lẹ́yìn náà, Bàbá Ìkòyí tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Gbogbo wa mọ ohun tó ń dúró dè. Èmi ni mo mú Dáre kúrò nílé wọn. Èmi ló yẹ kí n mú ọwọ́ rẹ̀ fi sínú ọwọ́ yẹn.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni mo wí. "Mi ò ní fa ẹnikẹ́ni lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. "Kí lò ń sọ yìí? Báwo la ṣe máa wá mọ̀ pé o dá a padà?"

"Bàbá, èmi rèé," ni Dáre wí. "Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ìkòyí kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí orúnkún. Ó wo Dáre fún ìgbà díẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ó padà lọ sí kóòtù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ni yóò mú ọ lọ?"

Mo la ẹnu láti dáhùn. Dáre ti yọ ìwé náà kúrò nínú àpò rẹ̀, ó ṣí i sórí orúnkún, ó fi ìka tí omi kaṣú ti jẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí.

"Orúkọ mi ló wà níbí, Bàbá," ó ní. "Màá wọ mọ́tò. Mo mọ ọ̀nà."